Ṣéènì tó dẹ̀ kọ́ ni ṣéènì tó ń bọ́

Àwọn tó dàgbà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Raleigh mọ oògùn kan ṣoṣo fún ṣéènì tó bá ń bọ́: tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, fa táyà sẹ́yìn díẹ̀, dè é padà. Oògùn náà ń jẹ́, nítorí gíà kan ṣoṣo ló wà níwájú, ọ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn, gígùn tí ṣéènì nílò kì í sì í yí padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé oògùn yìí kan náà ni wọ́n ń gbé lọ fún kẹ̀kẹ́ orí òkè, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta àti gbòǹgbò igi. Ṣéènì á bọ́, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ní, "Ó ti dẹ̀ jù, ẹ gé ojú méjì kúrò lára rẹ̀." Ìmọ̀ràn yẹn lè ba kẹ̀kẹ́ jẹ́.

Ṣéènì kẹ̀kẹ́ olọ́pọ̀ gíà ò lè ṣe kó má dẹ̀. Lára àwọn gíà ẹ̀yìn òde òní, èyí tó kéré jù lè ní eyín 10, kí èyí tó tóbi jù ní 52. Ṣéènì tó gùn tó láti yí eléyín 52 ká á ṣẹ́kù rẹpẹtẹ nígbà tó bá bọ́ sórí eléyín 10. Àṣẹ́kù yẹn ni derailleur ẹ̀yìn ń ká mọ́ra: apá kan tó rọ̀ sísàlẹ̀, tó ní gíà wẹ́wẹ́ méjì nínú, tí sípíríìnì ń fà sẹ́yìn. Bó ṣe ń yí gíà padà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ti ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Ibi tí ṣéènì ti ń bọ́ gan-an ló yẹ ká wò. Derailleur ẹ̀yìn ló ń mì dìrọ̀dìrọ̀, òun ni gbogbo ojú sì ń wò, ṣùgbọ́n iwájú ni ṣéènì ti sábà máa ń bọ́, lórí gíà tí pẹ́dàlì so mọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ pẹ́dàlì, apá òkè ṣéènì máa ń le gan-an, kò ráyè lọ síbì kankan. Wàhálà dé nígbà tí ẹni tó ń gùn ún bá dá ẹsẹ̀ dúró, tó dìde lórí pẹ́dàlì, tí kẹ̀kẹ́ ń já lọ sísàlẹ̀. Táyà á gbá òkúta, apá ìsàlẹ̀ ṣéènì á fò sókè, á fa apá derailleur síwájú, apá náà á sì tú àṣẹ́kù tó ká mọ́ra sílẹ̀. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ṣéènì ti rí àyè gbéra kúrò lórí eyín, ó ti rá sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá tún tẹ pẹ́dàlì, eyín tó kàn kò bá ojú ṣéènì níbi tó yẹ kó wà, ló bá tì í ṣubú.

Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Marin County ní California ń gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè kan nítòsí Mount Tamalpais kí wọ́n lè sáré ìdíje tí wọ́n ń pè ní Repack sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ onígíà kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Búrẹ́kì tó ń gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ ń jóná ni ìṣòro wọn, kì í ṣe ṣéènì. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ máa gun òkè náà dípò kí wọ́n máa ti kẹ̀kẹ́ lọ ni gíà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tó sì wá di mẹ́ta níwájú. Gíà mẹ́ta níwájú kò lè ṣe láìsí derailleur iwájú: irin pẹlẹbẹ méjì tó fi ṣéènì sáàárín, tó ń tì í láti orí gíà kan bọ́ sí òmíràn.

Àbùkù ètò náà wà níbẹ̀. Gíà tí a fẹ́ kó jọ̀wọ́ ṣéènì wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí a bá pè é, òun kan náà la tún ń bẹ̀ pé kó má jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí a kò pè é. Wọ́n gé àwọn eyín kan kúrú, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí ara gíà kí ṣéènì lè rọra gùn ún kọjá. Gbogbo ọgbọ́n yẹn, bíbọ́ ló ń ràn lọ́wọ́. Irin pẹlẹbẹ méjì yẹn ló ń dá ṣéènì dúró, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó bá yọ wọ́n dànù kí kẹ̀kẹ́ lè fúyẹ́, tó wá fi gíà àtijọ́ síwájú, á máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ṣéènì lójú ọ̀nà.

Ní 2012, SRAM, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, gbé ètò gíà XX1 jáde: gíà kan ṣoṣo níwájú, 11 lẹ́yìn, láti eyín 10 dé 42. Níwọ̀n ìgbà tí ṣéènì kò ní ibòmíràn lọ níwájú mọ́, eyín gíà náà lè gbàgbé jíjọ̀wọ́, kó gbájú mọ́ dídìmú. Ẹ wo ṣéènì dáadáa, ojú rẹ̀ kò dọ́gba: ọ̀kan fẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e há, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò dé ìparí. Eyín gíà àtijọ́ ní tirẹ̀ dọ́gba. Gbogbo wọn tín-ín-rín kí wọ́n lè wọ ojú tó há, tí wọ́n bá wá dé ojú tó fẹ̀, wọ́n á máa mì nínú rẹ̀. Lórí XX1, eyín kan sanra, èkejì tín-ín-rín. Èyí tó sanra kún ojú tó fẹ̀ fọ́fọ́, ṣéènì kò sì rí àyè rá sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí eyín irú gíà bẹ́ẹ̀ fi máa ń jẹ́ 30, 32 tàbí 34, iye tó pín sí méjì geere. Tí ẹni tó ń tò ó bá ṣèèṣì fi ojú tó há sórí eyín tó sanra, ṣéènì á jókòó sókè, kò ní wọlé.

Èrò náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2012 o. Nínú ẹjọ́ tí ilé iṣẹ́ Fox Factory àti SRAM jọ fà lórí eyín yìí, èyí tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dá ní 2019, ìwé ìbéèrè ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ àtijọ́ kan tí Shimano, ilé iṣẹ́ ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ mìíràn, fi sílẹ̀ ní Japan wà lára ohun tí wọ́n kà. Ṣùgbọ́n yíyàwòrán eyín sanra sínú ìwé kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú gígé irin tó máa kún ojú ṣéènì láìfún un pa.

Ìdajì iṣẹ́ tó kù wà nínú derailleur ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni àṣìlóye tó ń múni bínú jù wà. Shimano ti fi clutch, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dènà ìrìn apá derailleur, sínú derailleur XTR rẹ̀ ní 2011, SRAM sì tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn ní clutch yìí ló ń fa ṣéènì le. Kò fà á rárá. Sípíríìnì ló ń fà, agbára sípíríìnì kò sì kúrò ní iye tó wà. Bí ìgèrè apẹja ni clutch ṣe ń ṣiṣẹ́: ìwọlé rọrùn, ìjáde ni wàhálà. Ìgbàkígbà tí apá derailleur bá fẹ́ lọ sẹ́yìn láti ká àṣẹ́kù, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ wá síwájú láti tú u sílẹ̀ ló máa bá ìdènà pàdé. Ìgèrè yìí sì mọ ẹja yà sọ́tọ̀. Gbígbọ̀n tí òkúta ń gbọn kẹ̀kẹ́ ni ẹja wẹ́wẹ́, kò lágbára láti ti ẹnu ìgèrè ṣí. Ẹja ńlá ni ẹni tó ń yí gíà lọ sórí eléyín 52. Ó ń ti ẹnu ìgèrè, ó sì ń jáde, àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń san owó ibodè, nítorí ọwọ́ gíà á le díẹ̀. Apẹja tó bá ń hun irú ìgèrè tó ń dá ẹja wẹ́wẹ́ dúró, tó ń jẹ́ kí àrọ̀ lọ, ebi ni yóò pa á. Lórí kẹ̀kẹ́, ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹni tó bá ń jiyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ derailleur Shimano ní ọwọ́ kékeré kan tí a fi ń pa clutch. Ẹ pa á, ẹ fi ọwọ́ ti apá derailleur síwájú. Ẹ tan án, ẹ tún tì í. Ti ẹ̀ẹ̀kejì á le ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi sílẹ̀ kó dúró jẹ́ẹ́, ibi kan náà ni ṣéènì máa wà, yálà clutch wà ní títàn tàbí ó wà ní pípa.

Ibi tí gígé ṣéènì ti ń di ewu rèé. Lórí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ní ṣọ́kì lẹ́yìn, nígbà tí ṣọ́kì bá wọlé, táyà ẹ̀yìn máa ń jìnnà sí pẹ́dàlì díẹ̀. Ṣéènì tí wọ́n gé kúrú lè tó lórí ìdúró, kó má tó mọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá balẹ̀ láti òkè nígbà tó wà lórí gíà tó tóbi jù. Derailleur ló máa kọ́kọ́ fọ́ níbẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú irin tó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Inú gíà tó tóbi jù, pẹ̀lú ṣọ́kì tó wọlé tán, ni wọ́n ti ń wọn ṣéènì.

Àwọn okùnfà tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣéènì tó ń bọ́ sínú sípóòkù lẹ́yìn, síkúrù ààlà derailleur ni kí ẹ wò, tàbí irin tó gbé e dúró bóyá ó ti tẹ̀. Ṣéènì tó ń já kúrò lórí gíà ẹ̀yìn tó tóbi jù nígbà tí a bá yí pẹ́dàlì sẹ́yìn, ìlà tó ń tọ̀ ló wọ́ jù. Ṣéènì gíà 11 tàbí 12 tó bá ti fi 0.5% gùn sí i, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, nítorí òun ló ń jẹ eyín tó sanra títí tí òun náà á fi tín-ín-rín. Eyín tó bá sì ti tín-ín-rín, clutch tó dára jù láyé kò lè dá nìkan rù ú.

Fún àwọn tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ gan-an, wọ́n ń ta gáàdì kékeré kan tí wọ́n ń dè sókè gíà iwájú: pílásítíìkì tàbí irin pẹlẹbẹ méjì tó fi ṣéènì sáàárín láìfara kàn án. Iṣẹ́ tí derailleur iwájú ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láìsẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, wọ́n wá ń gbowó lé e báyìí. Ó tó bẹ́ẹ̀ náà.