Frontstalag: Àgọ́ Òǹdè Ogun Tí Jámánì Fi Àwọ̀ Ara Pín ní Ilẹ̀ Faransé

Nígbà tí Faransé túúbá fún Jámánì ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ogun kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Ìjà náà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ilé wo ni wọn yóò kó irú èrò bẹ́ẹ̀ sí lójijì? Ibi tí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ ni Jámánì ń dà wọ́n sí: bárékè, pápá ìṣeré, ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́, pápá oko tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí po. Frontstalag ni wọ́n ń pe àwọn àgọ́ náà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ojú ogun ni wọ́n wà. Wọ́n pinnu pé kò ní pẹ́ táwọn yóò fi kó gbogbo wọn lọ sí Jámánì, tí àgọ́ yóò sì tú.

Wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ lóòótọ́. Ó tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọmọ ogun tí ọkọ̀ ojú irin gbé lọ sí oko àti ilé iṣẹ́ Jámánì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fojú kan ilé mọ́ títí di ọdún 1945. Ṣùgbọ́n wọn kò kó àwọn tó wá láti ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso lókè òkun: àwọn ará Àlgéríà, Mòrókò, Tùnísíà, Madagásíkà, Indochina, àti àwọn ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀. Ilẹ̀ Faransé níbẹ̀ ni wọ́n sé wọn mọ́. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 1941, wọ́n tó nǹkan bí 69,000 nínú àgọ́ 22. Àwọn ará Àríwá Áfíríkà ló pọ̀ jù. Àwọn adúláwọ̀ tí Faransé ń pè ní tirailleurs sénégalais tó nǹkan bí 16,000. Bí àgọ́ onígbà díẹ̀ ṣe di àgọ́ ọlọ́dún mẹ́rin nìyẹn, àwọ̀ ara ló sì fà á.

Kì í ṣe ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà nìkan ló wà nínú àwọn tirailleurs wọ̀nyí. Gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé ló ń fi ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun, Dàhòmì sì wà lára wọn, ìyẹn orílẹ̀-èdè Benin òní, níbi tí Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ṣakété wà. Àwọn baba wọn ti mọ ohun tí ìwé ìpè ológun Faransé ń mú wá sílé. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé, fífi ipá mú ọmọ lọ sógun sì wà lára ohun tó bí wọn nínú. Ọ̀pọ̀ ará Kétu àti agbègbè rẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n sá kọjá ààlà wá sí ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọn kò ti ní wá ọmọ wọn wá. Àwọn tí kò ríbi sá sí, tàbí tí wọn kò sá, ni wọ́n mú.

Òfin kan wà tó yẹ kó gbèjà wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1929, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Geneva lórí àwọn tí ogun kó, Jámánì àti Faransé sì wà níbẹ̀. Ó ní oúnjẹ òǹdè kò gbọdọ̀ kéré sí ti ọmọ ogun tó wà ní bárékè ẹni tó mú un. Ó ní a lè fi ọmọ ogun lásán ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ mọ́ ogun jíjà, a kò sì gbọdọ̀ fi tipá mú ọ̀gá ológun ṣiṣẹ́. Ó gbà kí orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ìjà máa bẹ àgọ́ wò. Gbogbo èyí dára. Àmọ́ ìpín 9 rẹ̀ ní gbólóhùn kan tí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà: pé bó bá ti lè ṣeé ṣe, kí àwọn tó ń jagun má ṣe kó òǹdè ẹ̀yà tàbí orílẹ̀-èdè tó yàtọ̀ síra sínú àgọ́ kan náà. Jámánì ìgbà Hitler kò dúró kí ẹnikẹ́ni rọ òun lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ilẹ̀ Jámánì fúnra rẹ̀, ètò àgọ́ ti tò gírígírí. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí ẹkùn ológun, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tí wọ́n ń fi lẹ́tà àwọn ará Róòmù kọ. Nọ́ńbà ẹkùn yìí ni wọ́n fi ń sọ àgọ́ lórúkọ, wọn yóò wá fi A, B tàbí C kún un bí wọ́n ṣe ń dá a sílẹ̀ tẹ̀ léra. Stalag ni ti ọmọ ogun lásán, Oflag ni ti àwọn ọ̀gá. Ẹni tó bá gbọ́ Stalag VIII-B mọ̀ pé ẹkùn kẹjọ ló wà, ní Lamsdorf. Oflag IV-C ni ilé ńlá àtijọ́ tó wà ní Colditz. Ní Faransé kò sí ẹkùn bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà lásán ni wọ́n fún àgọ́: 230 ní Poitiers, 222 ní Bayonne, 184 ní Angoulême, 194 ní Nancy.

Ó yani lẹ́nu pé Jámánì kan náà ló ń wá irú àwọn òǹdè bẹ́ẹ̀ wọlé ní ogun àgbáyé kìíní. Wọ́n dá àgọ́ kan sílẹ̀ ní Wünsdorf, kò jìnnà sí Berlin, fún àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lọ́wọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1915 wọ́n fi pákó kọ́ mọ́ṣáláṣí fún wọn níbẹ̀, òun sì ni mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ fún ìrun kíkí ní ilẹ̀ Jámánì. Àánú kọ́ ló mú wọn ṣe é. Wọ́n ń fẹ́ kí àwọn èèyàn náà yíjú padà, kí wọ́n bá Tọ́kì gbógun ti àwọn tó kó wọn wá sójú ìjà. Àwọn onímọ̀ èdè pàápàá wá ń gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí àwo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun yẹn ló yí ojú ọ̀rọ̀ padà. Jámánì pàdánù, Faransé sì fi ọmọ ogun gba agbègbè odò Rhine, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà lára wọn. Kí aláwọ̀ dúdú gbé ìbọn dúró ṣọ́ ìlú Jámánì! Ìwé ìròyìn wọn gbé e gẹ̀gẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ìtìjú Dúdú, wọ́n ń kọ ìròyìn ìfipábánilòpọ̀ tó jẹ́ pé irọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí àwọn ṣọ́jà náà bí fún obìnrin Jámánì kò pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Hitler dé orí àléfà, ìjọba rẹ̀ wá wọn kiri, nígbà tó sì di ọdún 1937, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sọ bí irinwó nínú wọn di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Ìjọba tó ṣe èyí sí ọmọ tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ wọn kò ní fi ọkọ̀ ojú irin kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún baba aláwọ̀ dúdú wọlé. Wọ́n ní àrùn ilẹ̀ olóoru yóò ràn. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni obìnrin wọn. Ìwọ̀nba tí wọ́n kọ́kọ́ kó lọ, wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sí Faransé. Díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n rí wọn lò: wọ́n fi wọ́n ṣe òṣèré nínú fíìmù tó ń yin ìjọba Jámánì àtijọ́ ní Áfíríkà.

Kí èèyàn tó dé àgọ́ pàápàá, ó ní láti yè. Ní oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ọdún 1940, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ni àwọn ọmọ ogun Jámánì pa lẹ́yìn tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ológun kan, Charles N'Tchoréré, ọmọ Gabon, ní kí wọ́n ṣe òun bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn ọ̀gá ológun yòókù. Wọ́n yìnbọn fún un ní Airaines ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà. Ní Chasselay, lẹ́bàá Lyon, wọ́n ya àwọn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn funfun, wọ́n sì pa wọ́n nínú pápá. Ní Chartres, wọ́n fẹ́ kí Jean Moulin, tó jẹ́ aṣojú ìjọba níbẹ̀, fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ pé àwọn ọmọ ogun dúdú ló pa àwọn obìnrin àti ọmọdé kan. Ó kọ̀. Wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé, ó sì fi ìgò fọ́fọ̀ọ́ ya ara rẹ̀ lọ́rùn kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa fọwọ́ sí i. Ó yè é, òun náà ló sì wá di olórí àwọn tó ń bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀.

Léopold Sédar Senghor wà lára àwọn tí wọ́n kó ní La Charité-sur-Loire ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà. Olùkọ́ ni, kò tíì di ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà. Ó sọ pé wọ́n ti to àwọn dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti yìnbọn fún wọn kí ọ̀gá ológun Faransé kan tó bẹ̀bẹ̀. Ó lo bí ọdún méjì nínú àgọ́, ní Poitiers, lẹ́yìn náà ní Saint-Médard lẹ́bàá Bordeaux, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1942 nítorí àìsàn. Díẹ̀ nínú ewì tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1948, inú àgọ́ yẹn ló ti kọ wọ́n.

Òtútù àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán ní àríwá àti ìlà oòrùn, ni wọ́n bá kó ọ̀pọ̀ lọ sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn, níbi tí òtútù ti rọjú díẹ̀. Igbó Landes ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gé igi, tí wọ́n ń sun èédú. Àwọn mìíràn ń ṣe oko, wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n sì tún fi àwọn kan ṣe iṣẹ́ ológun tí òfin Geneva kọ̀. Àárín àgọ́ ńlá kọ́ ni ọ̀pọ̀ ń sùn. Wọ́n máa ń pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké káàkiri abúlé, nínú abà tàbí ilé oko. Ikọ́ ife ni ọ̀tá wọn tó burú jù. Ó pa púpọ̀.

Abúlé yẹn ni ètò Jámánì ti yọrí sí nǹkan mìíràn. Ẹni tí wọ́n kó lọ sí Jámánì ń gbé láàárín ọ̀tá. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀ ń gbé láàárín àwọn tó fẹ́ràn ẹni tó bá wọn jà. Àwọn obìnrin Faransé gbà láti máa ṣe bí ìyá sí wọn, wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń di oúnjẹ àti aṣọ òtútù ránṣẹ́. Ìfẹ́ dé, ọmọ dé pẹ̀lú. Ẹni tó bá sì fẹ́ sá, kò ní ààlà kankan láti kọjá ju èyí tó pín Faransé sí méjì lọ, láàárín apá tí Jámánì gbà àti apá tí kò gbà. Addi Bâ, ọmọ Guinea, sá kúrò lọ́wọ́ wọn, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ajàjàgbara sílẹ̀ nínú igbó Vosges. Wọ́n mú un, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Épinal ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1943.

Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ń bẹ àgọ́ wò lórúkọ Faransé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940, ìjọba Vichy, ìyẹn ìjọba Faransé tó ń bá Jámánì ṣe, gba iṣẹ́ náà, ó fi lé Georges Scapini lọ́wọ́, ẹni tí ogun kìíní ti fọ́ lójú. Ẹni tí ogun ṣẹ́gun wá di ẹni tó ń ṣọ́ bóyá aṣẹ́gun ń pa òfin mọ́. Àwọn èèyàn Scapini lọ sí àgọ́ lóòótọ́, wọ́n sì kọ ìròyìn, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún bàtà àti oògùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 1943, nígbà tí Jámánì ń wá gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ fún ojú ìjà Rọ́ṣíà, ó ní kí Faransé fi àwọn ọ̀gá ológun tirẹ̀ rọ́pò àwọn ẹ̀ṣọ́ òun. Vichy gbà. Mi ò mọ ohun tó tún burú ju èyí lọ nínú gbogbo ìtàn yìí: àwọn tí wọ́n tìtorí wọn fi ilé sílẹ̀ ló wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá. Àwọn òǹdè kò gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí ìdáǹdè dé ní ọdún 1944, owó ni ọ̀rọ̀ tó kù. Owó oṣù ọdún mẹ́rin wà nílẹ̀ fún wọn. Àṣẹ ní kí wọ́n san ìdá kan nínú mẹ́rin ní Faransé, kí wọ́n san ìyókù ní Dakar. Ní Morlaix, ní èbúté Faransé, nǹkan bí 300 kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ojú omi nítorí pé wọn kò tíì rí owó gbà. Nǹkan bí 1,300 wọ̀ ọ́, wọ́n gúnlẹ̀ sí Dakar ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, wọ́n sì kó wọn lọ sí bárékè Thiaroye lẹ́bàá ibẹ̀. Ní ọjọ́ 28, wọ́n ní kí 500 nínú wọn wọ ọkọ̀ lọ sí Bamako. Àwọn tirailleurs náà ní ó di ìgbà tí àwọn bá gba owó àwọn, wọ́n sì dínà mọ́ ọkọ̀ Dagnan, ọ̀gágun Faransé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ Faransé yí bárékè ká, wọ́n sì yìnbọn lu wọ́n. Ìjọba sọ pé 35 ló kú. Ìròyìn tí Dagnan fúnra rẹ̀ kọ lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà sọ pé 70 ni, àwọn òpìtàn kan sì gbà pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nínú àwọn tó yè, ilé ẹjọ́ ológun dá 34 lẹ́bi ní oṣù Kẹta ọdún 1945.

Ní ọdún 2024, Faransé gbà pé mẹ́fà nínú àwọn tó kú ní Thiaroye kú fún Faransé. Mẹ́rin jẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ọ̀kan wá láti Côte d'Ivoire, ọ̀kan láti ibi tó di Burkina Faso lónìí. Kò sí ọmọ Dàhòmì kankan nínú àwọn orúkọ náà. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà gbé ìgbìmọ̀ àwọn òpìtàn kalẹ̀ láti wá ìyókù jáde nínú àwọn ìwé.