Eruku Tó Ń Ṣáájú Òjò Àkọ́rọ̀

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ìjì ló máa ń kọ́kọ́ dé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, eruku pupa á ti bo òrùlé, á ti bo aṣọ tí a sá. Èyí yàtọ̀ sí eruku ọyẹ́. Ọ̀nà jíjìn ni ti ọyẹ́ ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Ó kúnná, ó sì lè wà lófuurufú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pupa, tó ń rún léyín bí yanrìn, inú oko wa àti ojú ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí ló ti ń dìde. Apá wa ò ká ti Bodélé. Ó ká ti oko wa.

Ohun mẹ́ta ló di erùpẹ̀ mú: gbòǹgbò, ọ̀rinrin, àti ilẹ̀dú tó ń lẹ hóró erùpẹ̀ pọ̀ di kókó wẹ́wẹ́. Ọ̀rinrin nìkan ni ọ̀gbẹlẹ̀ ń mú lọ. Iná tí a fi sungbó ló jó ewé tó bolẹ̀. Katakata tó tú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ló já gbòǹgbò, tó sì fọ́ kókó náà di lẹ́búlẹ́bú. Bí afẹ́fẹ́ bá wá dé, yanrìn tí ìwọ̀n rẹ̀ tó mìlímítà 0.1 sí 0.5 ló ń kọ́kọ́ fò. Ó fò sókè, ó já bọ́, ó sì lu eruku tó kéré jù ú lọ jáde. Eruku yẹn ló ń gòkè. Ìdí nìyí tí oko gbalasa fi ń burú ju oko kékeré lọ: bí yanrìn ṣe ń lọ ló ń kó òmíràn mọ́ra. Ilẹ̀dú àti amọ̀ tó ní oúnjẹ ohun ọ̀gbìn nínú ló bá atẹ́gùn lọ, yanrìn ló kù. Nígbà náà ni a ó máa sọ pé ilẹ̀ ti ṣá.

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n hú koríko pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kansas, Oklahoma àti Texas láti gbin àlìkámà. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú níbẹ̀ rí, koríko sì di ilẹ̀ mú. Ti ọdún 1930 sókè kò bá koríko mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1935, ìjì eruku sọ ọ̀sán di òru.

Ẹ má sun pòròpórò àgbàdo. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Plọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó sì gùn ní 120, ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 270 sí 400 pòròpórò tó ti gbẹ. Ẹ má kó o jọ sí ìdí ohun ọ̀gbìn, torí ikán. Ẹ sì ro etí oko yíká kí iná ẹ̀ẹ̀rùn má baà ràn dé ibẹ̀.

Ìlà-oòrùn àti àríwá ìlà-oòrùn ni ìjì àti ọyẹ́ ti ń wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹ gbin igi sí. Igi tó ga mítà 5 lè dáàbò bo nǹkan bíi mítà 50 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di ògiri o: bí afẹ́fẹ́ kò bá rí àyè là kọjá, á fò ó, á sì máa yí po lẹ́yìn rẹ̀. Kí bí ìdajì rẹ̀ ráyè kọjá ló dára. Bó bá jẹ́ igi àgúnmániyè ni ẹ gbìn, ó máa ń wọ́wé nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ gbin òtìlì mọ́ ọn, torí òun ṣì ń tutù nígbà náà, ewé rẹ̀ tó ń já sì ń di ilẹ̀dú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ilẹ̀ tí a ṣán, tí a sun, tí a kọ ebè sí nínú oṣù kìíní, tó wá ń retí òjò ní ìhòòhò. Ẹ ṣán an tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ fi koríko náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ má kọ ebè títí òjò gidi yóò fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá bu erùpẹ̀ láti ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fún un lọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ìbàdí. Tó bá di lẹ́búlẹ́bú, kò tíì yá. Tó bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹ̀tẹ̀, omi ti pọ̀ jù. Tó bá fọ́ sí kókó mélòó kan, ẹ gbé ọkọ́.