Kápẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn

Bí aṣòfin kan bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ lónìí tó gba inú ẹgbẹ́ mìíràn lọ, a ó ní ó ti ṣe kápẹ́ẹ̀tì kírọ́sìn (carpet crossing). Kápẹ́ẹ̀tì gidi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nínú irú ilé aṣòfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá fún wa, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba a máa jókòó lápá ọ̀tún Abẹnugan, àwọn alátakò a wà lápá òsì, kápẹ́ẹ̀tì a sì wà nílẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá dìde níhìn-ín tó lọ jókòó lọ́hùn-ún ti fẹsẹ̀ dìbò nìyẹn. Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ẹnu wa, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1952.

Òfin Macpherson ti ọdún 1951 fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní ọgọ́rin (80) ìjókòó tí a ó dìbò yàn. Ẹni tó bá ní kí n sọ iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lọ́jọ́ tí ìbò parí, màá bi í pé: ta ló kà á? Ní Èkó nìkan ni ará ìlú ti dìbò tààrà, NCNC, ẹgbẹ́ Nnamdi Azikiwe, ló sì kó ìjókòó máràrùn-ún, Azikiwe fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Níbòmíràn, àwọn tó ń san owó orí ládùúgbò á pàdé, wọ́n á yan ẹni tí wọ́n mọ̀. Àwọn tí wọ́n yàn á tún yan àwọn mìíràn. Ọ̀wọ́ ìkẹyìn ló wá ń yan aṣòfin. Kò sí ẹni tó ń bi olùdíje léèrè ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú agbo àkọ́kọ́ yẹn. Ọmọ ta ni? Ṣé ó gbọ́n? Ṣé yóò lè bá òyìnbó sọ̀rọ̀? Ẹgbẹ́ Action Group ti Awolowo, tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, tí wọ́n ṣí lójúde ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà, kò tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà tí ìbò yìí ń lọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, nígbà tí èsì jáde, ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń sọ pé àwọn ló pọ̀ jù, orúkọ ẹni kan náà a sì máa wà nínú ìwé àwọn méjèèjì.

Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Ẹgbẹ́ ìlú kan, Ibadan Peoples Party, tí NCNC ń kà mọ́ tirẹ̀, kó ìjókòó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: Akinloye, Adegoke Adelabu, Lanlehin, Aboderin, Akinyemi àti Akinbiyi. Nígbà tí Ilé fi máa jókòó, márùn-ún ti wà lọ́dọ̀ Awolowo, Akinloye sì di mínísítà ètò ọ̀gbìn. Adelabu nìkan ló dúró ti NCNC.

Àwọn ti Azikiwe ní ọ̀tẹ̀ ẹ̀yà ni, pé wọ́n ra àwọn ènìyàn àwọn lóru ọjọ́ kan. Àwọn Afẹ́nifẹ́re ní ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, aṣọ tí a kò tíì rẹ láró, a kì í ní ó ti ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgọ́rin náà kò tíì ní ẹgbẹ́ kankan tí wọ́n ń fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àwọn márùn-ún Ìbàdàn yàtọ̀: orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi wọlé, kò sì sí ibòmíràn tí orúkọ kápẹ́ẹ̀tì ti bá a mu tó bẹ́ẹ̀.

Awolowo di olórí ìjọba. Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ló tún ń yan ẹni tí yóò lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Méjì péré ni ti Èkó, Adedoyin àti Olorun-Nimbe ni wọ́n mú. Bẹ́ẹ̀ ni Azikiwe ṣe há sọ́dọ̀ alátakò, kó tó padà sí Ìlà-Oòrùn.

Adelabu kò dákẹ́. Òun ló fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá pe nǹkan kan ní "peculiar mess", tí àwọn ará Ìbàdàn gbọ́ ọ sí penkelemesi. Ní 1956, ìbò di tààrà, ọ̀pẹ, àmì Action Group, kojú àkùkọ, àmì NCNC, èsì sì ṣeé kà: Action Group 48, NCNC 32. Adelabu di olórí alátakò, kí ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa á ní oṣù kẹta ọdún 1958.

Ní 1962, kíkà náà tún da gbogbo nǹkan rú. Ilé ti di ìjókòó 124. Aṣòfin 66 fọwọ́ síwèé sí Gómìnà, Ọọ̀ni Adesoji Aderemi, pé àwọn kò fẹ́ Akintola, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, mọ́. Gómìnà yọ ọ́, ó fi Adegbenro rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Ilé pàdé ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, Oke láti Ògbómọ̀ṣọ́ fò sórí tábìlì, ó ń pariwo "Fire on the mountain!" Àga ń fò, ọ̀pá àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ jàgídíjàgan, ọlọ́pàá sì da tajútajú sí wọn lójú. Kò sẹ́ni tó ráyè jókòó kí wọ́n kà á.

Òfin ọdún 1999 ní aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò pàdánù ìjókòó rẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tó bá pawọ́ pọ̀ mọ́ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ kọjá lónìí fi máa ń kọ́kọ́ kọ lẹ́tà, tí yóò kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ilé ẹgbẹ́ àwọn ti pín.