Fítámì D àti kókó inú ara tó ti inú jíìnì wá

Jíìnì kan wà lórí krómósómù 17 tí wọ́n ń pè ní NF1. Púrótéènì tí sẹ́ẹ̀lì ń fi í ṣe ló máa ń ká RAS lọ́wọ́ kò, RAS sì ni ó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, kó pín sí méjì. Nínú nǹkan bí 3,000 ọmọ tí wọ́n bá bí, ọ̀kan máa ń wáyé pẹ̀lú ẹ̀dà kan tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀dà méjì jíìnì yìí. (Bí ìdajì wọn kò tilẹ̀ jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí.) Ẹ̀dà kejì ló ń gbà á sílẹ̀. Ọjọ́ tí èyí náà bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan tó yí iṣan ìmọ̀lára ká ni bíréèkì já, tí kókó bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Orúkọ jíìnì náà, NF1, ni wọ́n fi ń pe àrùn yìí.

Ibo wá ni fítámì D ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Fítámì lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ họ́mọ̀nù ló ń ṣe. Oòrùn ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lára awọ, ẹ̀dọ̀ tún un ṣe, kíndìnrín wá parí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọ àárín sẹ́ẹ̀lì, ó so mọ́ VDR, púrótéènì tó ń gbà á wọlé iṣẹ́, àwọn méjèèjì sì lọ bà lé DNA, wọ́n ń tan jíìnì kan, wọ́n ń pa òmíràn. Jíìnì p21 àti p27, tí ń fa ìpínyà sẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn, wà lára àwọn tí ó ń kàn.

Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Jámánì rí i pé fítámì D inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn NF1 kéré, àti pé bí ó ṣe ń kéré sí i ni kókó ara ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kókó bò lára lè máa sá fún oòrùn. A ò lè tìtorí èyí sọ pé àìtó rẹ̀ ló fa kókó. Nínú ìwádìí VITAL ní Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe ti àwọn tó ní NF1, ó lé ní 25,000 ènìyàn tó kópa; àwọn tó ń lo 2,000 IU (òṣùwọ̀n fítámì) fítámì D lójúmọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ju àwọn yòókù lọ.

Egungun ni ọ̀rọ̀ náà ti dájú jù. Egungun àwọn tó ní NF1 sábà máa ń fúyẹ́, fítámì D ló sì ń jẹ́ kí ìfun gba kálísíọ̀mù. Àlòjù rẹ̀ ń ti kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè di òkúta nínú kíndìnrín.

Fítámì D kò lè tún jíìnì tó bàjẹ́ ṣe. Oògùn selumetinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2020 fún àwọn ọmọdé tí kókó wọn kò ṣeé fi iṣẹ́ abẹ yọ, ọ̀nà mìíràn ló gbà: ó ń dí MEK, púrótéènì tí ń gba àṣẹ RAS kọjá, lọ́nà.