Oyún dúró tán, ẹ wá já oògùn tiroídì sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ lẹ́yìn kántà, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí, kí ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọmọ àti àwọn ìyá ọkọ yín jọ kà á. Farmasí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ ńbí, àwọn tó lọ ṣe FIV ní Kutọnu, ìyẹn kí wọ́n da ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ ní lábó kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ, máa ń wá ra oògùn lọ́dọ̀ wa. Dókítà kọ levothyroxine, oògùn tiroídì yẹn, fún wọn, wọ́n ń lò ó dáadáa, wọn kì í fi ọjọ́ kan ṣeré, àfi ìgbà tí tẹ́ẹ̀sì bá ní oyún ti wà, ó parí, wọ́n á pa á tì. Tó o bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ṣebí torí kí oyún lè dúró ni, ó ti dúró náà nìyẹn." Àbí kí wọ́n ní ìyá ọkọ ló sọ pé oògùn òyìnbó ò dáa lórí oyún. Abẹ́rẹ́ òyìnbó àti ẹ̀rọ òyìnbó ló sì fún yín ní oyún ọ̀hún o!

Mi ò ní máa ṣàlàyé ibi tí tiroídì wà, ẹni tó bá ti rí gẹ̀gẹ̀ rí ti mọ ibẹ̀. Kí ẹ ṣá mọ̀ pé ọrùn lè jọ̀lọ̀ láìsí gẹ̀gẹ̀ kankan, kí tiroídì má sì ṣiṣẹ́ dáadáa, kó má ṣe họ́mọ́ọ̀nù tó, ìyẹn nǹkan tó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ darí iṣẹ́ ara; levothyroxine ló ń dípò ẹ̀. Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni TSH. Wọ́n á gba èsì ní lábó, wọ́n á rí i pé ó ga, inú wọn á máa dùn pé tiroídì àwọn lágbára. Rárá o. Ọpọlọ ló ń rán TSH sí tiroídì, bí ìyá tó ń pe ọmọ ẹ̀, bí ọmọ bá ṣe ń kọ etí ikún tó ni ohùn ìyá ń ga sí i. TSH tó bá ga, tiroídì ló rọ. Obìnrin tí tiroídì ẹ̀ rọ tó sì fẹ́ ṣe FIV, àwọn dókítà máa ń fẹ́ kí TSH ẹ̀ wà nísàlẹ̀ 2.5 kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀ sínú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹyin dàgbà pàápàá, ó máa ń gbé họ́mọ́ọ̀nù obìnrin sókè gan-an, ìyẹn sì máa ń so púpọ̀ nínú họ́mọ́ọ̀nù tiroídì mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ara ò fi ní rí i lò.

Tí oyún bá wá dé, ohun tí ara ń fẹ́ nínú họ́mọ́ọ̀nù yìí á fi nǹkan bí 25 sí 50 nínú 100 lé sí i. Ọmọ inú yẹn ò ní tiroídì tó ń ṣiṣẹ́ títí di bí ọ̀sẹ̀ 12, kò sì tó o lò títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló ti ń gbà á, òun ló fi ń kọ́ ọpọlọ ara ẹ̀. Ìgbà tó yẹ kí oògùn pọ̀ sí i gan-an lẹ wá ń já a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń sọ fún ẹni tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ pé bó bá ti rí i pé òun lóyún, kó fi hóró 2 kún ti ọ̀sẹ̀, 7 á di 9, kó sì tètè wá ṣe TSH, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin títí oyún á fi dé ìdajì. Ẹ béèrè ti yín lọ́wọ́ dókítà yín kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ má ka tèmi yìí tán kí ẹ lọ máa dá gbé e mì.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń lò ó, ibí ni inú ti máa ń bí mi jù. Inú òfìfo, láàárọ̀ kùtùkùtù, omi lásán. Kì í ṣe kafé, kì í ṣe ògì, kì í ṣe pé ẹ ó fi soja díndín sin ín lọ. Soja yẹn dùn, èmi náà ń jẹ ẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú ata tútù, ṣùgbọ́n soja àti kafé kì í jẹ́ kí ìfun gba oògùn yìí dáadáa, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí kan ló tilẹ̀ dáa jù, kí ẹnu tó kan nǹkan míì. Ọ̀tá ẹ̀ gan-an wá ni oògùn ẹ̀jẹ̀ tí agbẹ̀bí ń fún aláboyún, èyí tó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Irin ló wà nínú ẹ̀, irin yìí á di levothyroxine mú nínú ìfun, àwọn méjèèjì á jọ jáde. Kalísíọ̀mù náà bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kan náà, wọ́n á dà á sẹ́nu, wọ́n ní kí àwọn má baà gbàgbé, TSH á ga, dókítà á fi kún oògùn, á tún ga, gbogbo wa á máa wojú ara wa. Ẹni tí òórọ̀ ò rọrùn fún, kó lò ó lálẹ́, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fitamini irun àti èékánná, báyótìnì inú ẹ̀ máa ń da èsì lábó rú, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín.

Ẹ sì má lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ oògùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jà, tí oòrùn ń pa á látàárọ̀, ooru ń ba levothyroxine jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀ mí, dọ́kítà ni mò ń jẹ́, tó bá ti kan owó, mo di ọlọ́jà tó ń jẹ èrè àjẹjù, ẹ ó sì lọ gbé ìgbésí ayé ọmọ yín fún ẹni tí kò lè ka ara páálí. Àwọn míì ń yá oògùn ọ̀rẹ́ wọn lò, wọ́n ní ó mú ọ̀rẹ́ wọn lóyún. Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èsì ẹ̀ jáde ní 2019: àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní ohun tó ń gbógun ti tiroídì ṣùgbọ́n tí tiroídì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n fún apá kan ní levothyroxine, wọ́n fún apá kejì ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. 37.4 nínú 100 ló bímọ láàyè nínú àwọn tó lo oògùn, 37.9 nínú àwọn tí ò lò ó. Tiroídì tó rọ ni oògùn yìí wà fún, kì í ṣe oògùn àgàn. Gàrí tí ẹ máa ń bi mí ńkọ́? Níbi tí ayódínì, èròjà tí tiroídì fi ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù ẹ̀, bá ti wọ́n ni májèlé ẹ̀gẹ́ ti ń yọ tiroídì lẹ́nu, gàrí tó kan dáadáa tí wọ́n sì yan gbẹ, májèlé ẹ̀ ti lọ púpọ̀. Ẹ ra iyọ̀ tó ní ayódínì, kí ẹ máa dé e.

Obìnrin kan wà tó wá láti apá Kétu. Ọkọ ẹ̀ ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rí owó FIV san, oyún sì dúró. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nígbà tó wá ra fitamini lọ́wọ́ mi. Mo ní kó kó gbogbo oògùn tó ń lò síta kí n wò ó. Ó tú báàgì sórí kántà: ike omi kan tí agbo pupa kún dé ọrùn ẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀, ìwé lábó tó ti rún, àti páálí levothyroxine. Mo fa tinú ẹ̀ yọ, hóró mẹ́rin péré ni wọ́n ti yọ, ìyókù wà níbẹ̀. "Tantí, ẹ má bínú, ìyá tó ń po agbo fún wa ló ní ó ń mú oyún gbóná." Mo pe dókítà ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, TSH ti lé ní 20. Wọ́n dá a padà sórí oògùn, wọ́n fi kún un, síbẹ̀ oyún bàjẹ́. Mi ò ní sọ pé torí oògùn nìkan ni o, oyún ń bàjẹ́ fún oríṣiríṣi ìdí. Àmọ́ nílé wọn, ẹnìkan ò dárúkọ agbo, ẹnìkan ò dárúkọ TSH, àbíkú ni wọ́n ní, wọ́n ní kó lọ ṣètùtù. Ìyá alágbo yẹn náà ló sì gba owó ètùtù!

Ẹ̀yin tí ẹ bá bí tiyín láyọ̀, iye tí ẹ ń lò kí ẹ tó lóyún ni dókítà sábà máa ń dá yín padà sí, ẹ tún ṣe TSH ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ lè máa fún ọmọ lọ́mú lórí oògùn yìí, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ní kí ẹ torí ẹ̀ já ọmú lẹ́nu ọmọ, ẹ ní kó wá bá mi ní farmasí.