Ọmọ ogun ni Starfleet àbí kì í ṣe ọmọ ogun?

Nínú Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa ìrìn àjò gbalasa òfurufú, Starfleet ni iléeṣẹ́ tó ni àwọn ọkọ̀ òfurufú náà. Lọ́dún 1989, Picard, ọ̀gá ọkọ̀ Enterprise, là á mọ́lẹ̀ pé Starfleet kì í ṣe iléeṣẹ́ ológun, iṣẹ́ àwárí ni tiwọn. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1967, Kirk tó darí ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ṣáájú rẹ̀ ti sọ pé ọmọ ogun lòun.

Èyí tó ń súni jù nínú àríyànjiyàn yìí ni ti aṣọ àti oyè. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Oníṣègùn àgbà ìjọba Amẹ́ríkà ń wọ aṣọ tó jọ ti ọmọ ogun ojú omi, oyè vice admiral ló sì ń jẹ́, síbẹ̀ àrùn ló ń bá jà. Iṣẹ́ àwárí náà ò sì ní kéèyàn má jẹ́ ológun. Ọkọ̀ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni James Cook, awakọ̀ òkun tó ń ṣàwárí, wọ̀ lọ́dún 1768 láti lọ wo bí Venus, ọ̀kan lára àwọn ayé tó ń yí oòrùn po, ṣe máa gba iwájú oòrùn kọjá.

Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ló yẹ kéèyàn wò. Nínú apá míì tí wọ́n ṣe lọ́dún 1967 kan náà, ìjì ká Enterprise mọ́ gbalasa òfurufú. Kirk tẹ bọ́tìnnì, ó já yàrá kékeré kan lára ọkọ̀ dànù, wọ́n sì gbà pé òṣìṣẹ́ kan ṣì wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ó ti tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó kéde ewu ńlá. Wọn ò gbé e lọ sí kóòtù ìlú o. Àwọn ọ̀gá Starfleet bíi tirẹ̀ ló jókòó, àmì ẹ̀yẹ láyà wọn, tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àfikún ọdún 1977 sí Àdéhùn Geneva, ìyẹn òfin ogun àgbáyé, ohun tó fi ń mọ ọmọ ogun nìyẹn: kí wọ́n wà lábẹ́ aláṣẹ tó ń jíhìn fún ìjọba, kí wọ́n sì ní òfin ìbáwí tiwọn. Starfleet ní méjèèjì. Ọkọ̀ Defiant ńkọ́? Nínú ìwé, ọkọ̀ aláàbò ni. Sisko, ọ̀gá rẹ̀, ní ọkọ̀ ogun ni, kò lé, kò dín.

Síbẹ̀, ọgbọ́n wà nínú sísẹ́ tí wọ́n ń sẹ́. Béèyàn bá sọ ajá rẹ̀ ní Ológbò, tó ń pè é bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ajá náà lè rọ̀ díẹ̀, kó má kàn dédé gbó mọ́ àlejò. Ìyẹn dáa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé olówó ajá fúnra rẹ̀ lè gbàgbé, kó máa tẹ́ ọmọ ìkókó sùn tì í. Ohun tí Starfleet ṣe gan-an nìyẹn: èèyàn tó lé ní 1,000 ló wà nínú ọkọ̀ Picard, tọmọ tìyàwó, pẹ̀lú àdó olóró lábẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn Borg, ọ̀tá wọn, run ọkọ̀ Starfleet 39 nínú ogun níbi tí wọ́n ń pè ní Wolf 359, Sisko wà nínú ọ̀kan. Ó rí ọmọ rẹ̀ gbé jáde. Ìyàwó rẹ̀ ti kú sábẹ́ àwókù, wọ́n sì ní láti fà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.