Kí ni géèmù AAA, kí ló sì dé tó ń jẹ owó tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wọ ilé géèmù èyíkéyìí ní Ìkòròdú lọ́sàn-án Sátidé, pàápàá lójú ọ̀nà Ṣágámù. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lórí PS4, ẹni tí wọ́n bá nà á gbé pádì sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ bi ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù pé kí ló dé tí kò tíì ra géèmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ẹ̀ ti le jù." Kò parọ́. Ó ti pẹ́ tí géèmù ńlá ti ń jẹ́ 60 dọ́là lókè òkun. Láti 2020 ló ti ń di 70. Ká ṣẹ́ dọ́là kan ní 1,500 náírà, ó di 105,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, 70,000 náírà ni.

Irú géèmù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní AAA, "triple-A" lẹ́nu àwọn ọmọ géèmù. Kì í ṣe àmì ẹ̀yẹ, kò sígbìmọ̀ tó ń fi í fúnni. Géèmù tí ilé iṣẹ́ ńlá bá ti kó owó rẹpẹtẹ lé lórí, láti ṣe é àti láti polówó rẹ̀, AAA nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ ló ń jẹ owó ọ̀hún. Rárá o, owó oṣù ni. Nígbà tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́ ní 2023, Sony tó ń ṣe PlayStation fi ìwé ránṣẹ́ sí kóòtù, wọ́n sì fi bírò dúdú kun iye owó tó wà níbẹ̀. Kíkùn náà kò bò ó dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe rí i kà. Géèmù wọn kan, Horizon Forbidden West, gba 212 mílíọ̀nù dọ́là, nǹkan bí ọdún márùn-ún, àti òṣìṣẹ́ 300.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ 300 fún oṣù 60, ìgbà 18,000 ni wọ́n san owó oṣù èèyàn kan nìyẹn. Ẹ pín 212 mílíọ̀nù sí i, ó ń lọ sí 12,000 dọ́là lórí ẹnì kan lóṣù. Òṣìṣẹ́ kọ́ ló ń kó gbogbo ẹ̀ sápò o: owó ọ́fíìsì, owó orí àti kọ̀ǹpútà wà nínú ẹ̀. Gbogbo àwọn 300 náà kò sì wà níbẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà ìṣirò ojú lásán ni mo ṣe yìí. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ bá fi ọdún kan péré pẹ́ sí i, 42 mílíọ̀nù dọ́là ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi nílò èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Tẹlifíṣọ̀n ló fà á. Agbádá tí wọ́n máa wò láti òkèèrè, téèlọ̀ lè sáré fi ẹ̀rọ rán ọrùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n máa sún mọ́ wò, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Lórí tẹlifíṣọ̀n onígò àtijọ́, àwọ̀ pẹlẹbẹ lásán lè dúró fún ojú èèyàn. Lórí ti òde òní, à ń rí òógùn iwájú orí àti irun imú. Ife tó wà lórí tábìlì, ìpáàrà tó wà lára ilẹ̀kùn, ẹnì kan ló jókòó yà wọ́n. Àwọn òṣèré tún ń wọ aṣọ tó fún mọ́ra, tí wọ́n lẹ bọ́ọ̀lù kéékèèké mọ́, kí kámẹ́rà lè ká bí wọ́n ṣe ń rìn. Èmi ò rò pé irun imú yẹn mú géèmù kankan dùn sí i, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń polówó.

Owó yìí á sì ti jáde tán kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé. Concord, géèmù Sony kan, jáde ní oṣù kẹjọ 2024. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Sony fi gbé e kúrò lórí àtẹ, wọ́n sì dá owó àwọn tó rà á padà. Ìdí nìyẹn táwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń sá sábẹ́ apá kejì àti apá kẹta ohun tó ti tà rí.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bá eré yìí lọ. Ní 2025, ilé iṣẹ́ Sandfall ní Faransé gbé Clair Obscur jáde. Bí ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ ni wọ́n ní nínú ilé. Àwọn tó kù, wọ́n háyà wọn látìta. 50 dọ́là ni wọ́n tà á, òun ló sì gba ẹ̀bùn géèmù ọdún ní The Game Awards.